Àwọn Èèrà Ẹ̀yìnkùlé Bàbá Mi

Awakọ̀ kan tó ń ná ọ̀nà Ìgbó-Ọrà sí Ìbàdàn ló jẹ́ iṣẹ́ tí bàbá mi rán an fún mi ní ọ́fíìsì ìwé ìròyìn tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Kò jókòó. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, tí kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ń dún lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá yín ní kí n kí yín. Wọ́n ní ara àwọn ti yá. Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé èèrà ò wá mọ́."

"Èèrà ò wá mọ́ báwo?"

"Ohun tí wọ́n ní kí n sọ nìyẹn. Wọ́n ní ẹ máa mọ̀ ọ́n."

Ó bá tirẹ̀ lọ. Mo mọ̀ ọ́n lóòótọ́, ìdí nìyẹn tí ọkàn mi ò fi balẹ̀. Mo sáré parí ìròyìn tó wà níwájú mi. Títí di òní, mi ò rántí ohun tí ìròyìn náà dá lé. Mo gbàyè lọ́wọ́ ọ̀gá mi, mo sì sọ fún un pé mo ń lọ sílé.

Ó ti tó bí ọdún kan ṣáájú ìgbà náà tí wọ́n ti sọ fún bàbá mi pé àtọ̀gbẹ ló ń ṣe é. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 là ń wí yìí. Àgbẹ̀ ni bàbá mi, ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀gúsí ló ń gbìn ní ọ̀nà Ìdèrè. Òùngbẹ la kọ́kọ́ fura sí. Kó tó dé oko, omi tó gbé lọ́wọ́ á ti tán, á sì tún yà nílé onílé láti bu sí i. Ìgbà tó wá ń rù tí ṣòkòtò rẹ̀ ń já bọ́ ni ìyá mi fi dandan lé e pé kó lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìgbó-Ọrà. Èmi ni mo mú un lọ.

Wọ́n ní ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ tó jẹ́ tàwọn alátọ̀gbẹ. Kí dókítà tó dé, nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ọmọ Ẹ̀rúwà á ti kọ́kọ́ kó wọn jọ sórí bẹ́ǹṣì, á máa kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe máa tọ́jú ara wọn. Ohùn rẹ̀ ròkè, ó sì mọ èèyàn bá ṣeré. Ní ọjọ́ tá a kọ́kọ́ débẹ̀, ó yọjú, ó ní, "Ta ni Bàbá Ìbejì?" Ìdajì àwọn ọkùnrin tó wà lórí bẹ́ǹṣì ló jẹ́ ẹ.

"Ìlú yìí á pa mí," ni nọ́ọ̀sì wí. "Bàbá Ìbejì tí oko ẹ̀ wà lọ́nà Ìdèrè ni mò ń pè."

Àwọn méjì ṣì jẹ́ ẹ, bàbá mi sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ó fi wọ́n sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Ó ní oúnjẹ tí èèyàn bá jẹ máa ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì yẹ kí ṣúgà náà wọnú ara lọ ṣiṣẹ́. Ó ní nínú ara tiwọn, kì í rọ́nà wọlé dáadáa, inú ẹ̀jẹ̀ ló ń rìn kiri, bó bá sì ti pọ̀ jù, á máa bá ìtọ̀ jáde. Ìyá arúgbó kan tó jókòó níwájú kò gbà.

"Nọ́ọ̀sì, èmi ò kì í lá ṣúgà o. Ẹ̀kọ kíkan ni mò ń mu."

"Ẹ kú ẹ̀kọ kíkan, Màmá. Láfún tẹ́ ẹ jẹ lálẹ́ àná ńkọ́?"

"Láfún! Ṣé láfún dùn ni?"

"Bó bá ti dénú yín, ṣúgà ni."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ìbàràpá kan náà tí wọ́n bí àwa sí, níbi tó jẹ́ pé ẹni tí kò bá jẹ láfún lóòjọ́ á ní òun ò tíì jẹun, ni nọ́ọ̀sì ti ń sọ pé láfún ń di ṣúgà. Ó dúró títí ẹ̀rín fi rọlẹ̀.

"Ẹ ò gbà mí gbọ́? Ó dáa. Bẹ́ ẹ bá délé, ẹ lọ wo ibi tẹ́ ẹ bá tọ̀ sí. Ẹ wo ohun tó máa kọ́kọ́ débẹ̀."

Bàbá mi ló fọhùn, ó rọra sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n bá níbi tó fara pamọ́ sí.

"Èèrà," ló wí.

Ó ti ń rí wọn tipẹ́, kò kàn sọ fún ẹnì kankan ni. Láti ọjọ́ náà ló ti gba ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì gbọ́ pátápátá. Ó ń lo oògùn rẹ̀. Ó ní kí ìyá mi dín láfún òun kù, kó bu ẹ̀fọ́ sí i, kó máa se ẹ̀wà. Láràárọ̀, bó bá ti kírun tán, á lọ sẹ́yìnkùlé lọ yẹ ibi tó tọ̀ sí wò, á sì padà wá jábọ̀ fún ìyá mi: "Wọ́n ṣì pọ̀." Tàbí, "Wọ́n dín lónìí."

Òun nìkan kọ́. Nígbà tí mo tún bá a lọ sí ilé ìwòsàn, mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn lórí bẹ́ǹṣì.

"Tiyín ńkọ́?"

"Tèmi ti dín. Ìlà kan péré ni."

"Ìlà kan! Tèmi ń gun ara wọn lẹ́ṣin."

Mo rẹ́rìn-ín sí i nígbà náà. Kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì, nítorí lójú tiwọn, òun ló kọ́ wọn. Èèrà ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá àìsàn náà ṣì kù tàbí ó ti tán.

Bí mo ṣe wá jókòó sínú mọ́tò nìyẹn, tí mò ń tún iṣẹ́ tí awakọ̀ yẹn jẹ́ rò lọ́kàn. Èèrà ò wá mọ́. Bí èèrà ò bá wá mọ́, ṣé bàbá mi ṣì ń lo oògùn? Epo bẹntiróòlù wọ́n lásìkò náà. Mọ́tò wa dé Ẹ̀rúwà, awakọ̀ ní epo òun ò lè gbé wa kọjá ibẹ̀, kí oníkálukú wá bí yóò ṣe délé. Mo gun ọ̀kadà. A ò tíì rìn jìnnà tí ọlọ́kadà fi yíjú padà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó jẹ́ẹ́. Ṣé ẹ̀yin lẹ̀ ń wà á ni àbí èmi?"

Bàbá mi ni mo bá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Láfún ló wà níwájú rẹ̀, ó ga tó bó ṣe máa ń ga tẹ́lẹ̀ kí àìsàn tó dé.

"Oníròyìn ti dé!" ló wí. "Kọ ọ́ sínú bébà yín. Bàbá Ìbejì ti borí."

Mo kí i. Mo bi í léèrè oògùn.

"Kí ni mo tún fẹ́ fi oògùn ṣe? Ẹni tí ibà ti fi sílẹ̀, ṣé ó tún ń lo oògùn ibà?"

"Èyí tó kù dà?"

"Mo ti fún ọ̀rẹ́ mi kan ní mọ́ṣáláṣí. Èèrà tiẹ̀ ṣì pọ̀, ó ṣe mí láàánú."

Ìgbà náà ni mo rí ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀. Ó fi àkísà wé iwájú ẹsẹ̀ náà.

"Kí ló ṣe ẹsẹ̀ yín?"

"Kùkùté ẹ̀gẹ́ ni. Kò dùn mí."

"Kò dùn yín?"

"Kò dùn mí rárá," ló wí. Bí ẹni ń sọ ìròyìn ayọ̀ ló ṣe sọ ọ́.

Nọ́ọ̀sì ti sọ̀rọ̀ nípa ẹsẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn. Ó ní àìsàn yìí máa ń mú kí ẹsẹ̀ kú tipiri, kó má ròyìn ohun tó ṣe é fún ẹni tó ni ín mọ́. Ó ní kí wọ́n má máa rìn láìwọ bàtà. Mo gbọ́ ọ, bàbá mi náà gbọ́ ọ. Èèrà nìkan ló kù lọ́kàn rẹ̀.

Mo gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Ẹ̀bá ògiri àtijọ́ kan ni bàbá mi máa ń tọ̀ sí. Ilẹ̀ ibẹ̀ funfun, koríko ibẹ̀ ti jó, kò sí kòkòrò kan tó ń rìn níbẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbóòórùn oògùn apakòkòrò kan tí ẹnikẹ́ni tó bá ti dé oko kòkó rí kò lè gbàgbé. Nígbà tí mo gbójú sókè, ìyá mi ti dúró sẹ́yìn mi.

"Màmá, ta ló da Gamalín síbí?"

"Ẹ̀yin oníròyìn, ẹ kì í kíni kẹ́ ẹ tó máa bini léèrè."

"Ẹ kúulé, Màmá. Ta ló da Gamalín síbí?"

Ó bojú wẹ̀yìn bóyá ẹnì kan ń bọ̀.

"Èmi ni," ló wí. "Wọ́n ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ nínú agboolé yìí. Ìyàwó àbúrò bàbá ẹ ní kí n wá bu ìtọ̀ ọkọ mi fóun kóun fi po ẹ̀kọ, pé ṣúgà ti wọ́n lọ́jà. Ojú gbogbo èèyàn ló ti sọ ọ́. Èèrà yẹn sì ń tò wọ yàrá àwọn ọmọdé, ó ń jẹ wọ́n. Mo bá ra Gamalín, mo dà á síbẹ̀ nígbà tí bàbá ẹ lọ sóko."

"Ẹ ò sọ fún un?"

"Mo fẹ́ sọ fún un. Ilẹ̀ mọ́, ó kírun tán, ó jáde síbí bó ṣe máa ń jáde. Ó wò ó títí. Ó sáré wọlé, ó ní kí n dìde, ó ní òun ò rí ẹyọ kan. Orí ẹní ìkírun ló padà sí, ó forí kanlẹ̀, ó ń dúpẹ́, ó ń sunkún. Láti ìgbà tí àìsàn yìí ti dé, mi ò tíì rí i kínú ẹ̀ dùn. Kí ni kí n wí? Mo ní á ṣáà máa lo oògùn ẹ̀ lọ. Mi ò mọ̀ pé ó máa sọ oògùn nù."

"Ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún un báyìí."

"Ìwọ ni oníròyìn. Ìwọ lọ sọ ọ́."

"Kò ní gbà á lẹ́nu mi."

Ó tú ìró rẹ̀, ó tún un ró, ó wọlé. Mo tẹ̀ lé e. Bàbá mi ṣì ń jẹun. Ìyá mi kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, kò yí ọ̀rọ̀ po.

"Bàbá Ìbejì, èèrà yẹn ò dédé lọ. Èmi ni mo pa wọ́n."

Òkèlè wà lọ́wọ́ bàbá mi. "O pa wọ́n?"

"Gamalín ni mo dà síbẹ̀."

Ó da òkèlè náà padà sínú àwo. Mò ń retí kó jágbe. Kò jágbe.

"O pa àwọn ẹlẹ́rìí mi," ló wí. "Gbogbo ọjọ́ tí mò ń dúpẹ́ yẹn, òkú ni mò ń wò."

Ó wá na ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ sí mi, ó ní kí n tú àkísà náà. Mo tú u. Ọmọ-ìka méjì tó kẹ́yìn ti dú, wọ́n sì ń rùn. Ìyá mi fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ní òun rò pé òórùn ewé tó fi wé e ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀kadà méjì la gùn lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì náà wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó gba ìtọ̀ bàbá mi, ó kán díẹ̀ sínú omi búlúù kan nínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì gbé e sórí iná. Omi náà di àwọ̀ ewé, ó di yẹ́lò, ó sì wá pọ́n bí bíríkì, àmì pé ṣúgà inú rẹ̀ pọ̀ gan-an. Bàbá mi ò gbójú kúrò lára ìgò náà.

"Kò séèrà kankan níbẹ̀," ló wí, "ó sì pọ́n tó báyìí."

"Èèrà wo, Bàbá?"

Ó sọ ọ́ fún un, látorí wíwò láràárọ̀ dórí Gamalín. Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ ni nọ́ọ̀sì ń wá ibi tí yóò jókòó sí.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ máa wò ó bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni."

"Èmi? Bàbá, mo wí i kẹ́ ẹ lè gbà pé ṣúgà wà níbẹ̀ ni. Mi ò ní kẹ́ ẹ fi èèrà ṣe dókítà. Ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ̀ ń ṣe é?"

"Gbogbo wa ni."

Nọ́ọ̀sì dìde, ó tún jókòó. Ó ṣàlàyé fún bàbá mi pé òjò lè wẹ ìtọ̀ lọ, èèrà lè ṣí lọ síbòmíràn. Ó ní nínú ara àwọn àgbàlagbà, ṣúgà lè pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ kó má sì tíì yọ nínú ìtọ̀ rárá. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ló yẹ kí wọ́n yẹ̀ wò. Bàbá mi ń mi orí, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń wò.

Dókítà dé, ó wò ó, kò fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ọmọ-ìka méjì náà ti kú. Wọ́n á kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ mú ṣúgà náà wálẹ̀, wọ́n á sì gé wọn. Bí wọn ò bá gé wọn, ó máa ràn gòkè, nígbà náà, ẹsẹ̀ ni wọ́n máa gé.

"Rárá," ni bàbá mi wí. "Pípé ni Ọlọ́run dá mi. Pípé ni mo máa padà lọ bá a."

Ìyá mi bẹ̀ ẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n lọ pe ọlọ́kadà. Mo jáde, mi ò pe ọlọ́kadà, mò ń lọ mò ń bọ̀ níwájú wọ́ọ̀dù títí tí nọ́ọ̀sì fi ní kí n dúró lójú kan, pé mò ń kó ìrònú bá òun. Ó wọlé, ó jókòó sẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó gbé ẹsẹ̀ bàbá mi lé itan ara rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni mo ti gbọ́ wọn.

"Bàbá, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run nìkan ni?"

Bàbá mi dá a lóhùn pé, "Bẹ́ ẹ bá gé mi lẹ́sẹ̀, ta ni yóò máa kọ ebè? Kí n máa jókòó sọ́dẹ̀dẹ̀ kí wọ́n máa gbé oúnjẹ wá bá mi?"

"Tẹ́ ẹ bá ń kọ ebè, ibo lẹ fi ń tẹlẹ̀?"

Ó fi hàn án: gìgísẹ̀, àti ibi tó wú lábẹ́ àtàǹpàkò. Nọ́ọ̀sì fi ìka tẹ ibẹ̀.

"A ò ní débẹ̀. Ibí la fẹ́ gé." Ó fi ìka fa ìlà sídìí ọmọ-ìka méjèèjì. "Tẹ́ ẹ bá lọ sílé, ibi tẹ́ ẹ máa bá wa gé nígbà tẹ́ ẹ bá padà wá nìyí." Ó fa òmíràn sábẹ́ orúnkún.

Bàbá mi wo ibẹ̀, ó tún wo ibí.

"Ẹ má jù ú sígbó," ló wí nígbẹ̀yìn. "Ẹ kó o fún ìyàwó mi. Ó mọ àwọn ẹlẹ́rìí mi yòókù pa, kó wá sin èyí."

Ìyá mi rẹ́rìn-ín, ẹkún ò sì tíì kúrò lójú rẹ̀.

Wọ́n gé e nígbà tí ara rẹ̀ gbà á. Aṣọ funfun ni ìyá mi fi di ọmọ-ìka náà, ó kó o sínú agolo mílíìkì kó lè lọ sin ín sóko. Ọlọ́kadà tó gbé e lọ sóko bi í pé, "Màmá, kí lẹ gbé gẹ̀gẹ̀ báyìí?"

"Ọkọ mi ni," ni ìyá mi wí. Ọlọ́kadà náà ò tún bi í ní nǹkan kan mọ́ títí tí wọ́n fi débẹ̀.

Mo ṣì wà nílé nígbà tí ọjọ́ àwọn alátọ̀gbẹ pé. Nọ́ọ̀sì dúró níwájú wọn, kò ṣeré lọ́jọ́ náà.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wo èèrà nílé, ẹ nawọ́."

Kò sẹ́ni tó nawọ́. Oníkálukú ń wo ilẹ̀. Bàbá mi, tí wọ́n mú jáde láti wọ́ọ̀dù wá sórí bẹ́ǹṣì, fi ọ̀pá rẹ̀ lu ilẹ̀.

"Ẹ nawọ́, ẹ má purọ́! Ẹ wo ẹsẹ̀ mi."

Ọwọ́ kan lọ sókè. Òmíràn tẹ̀ lé e. Kò pẹ́ tí apá fi kún ibẹ̀ bí ilé kéwú. Bàbá kan láti mọ́ṣáláṣí wa fọhùn látẹ̀yìn: "Bàbá Ìbejì, oògùn tẹ́ ẹ fún mi ńkọ́?"

"Dá a padà jàre!" ni bàbá mi wí. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì gba oògùn náà lóòótọ́.

Ó ní kí wọ́n bọ́ bàtà, kí oníkálukú yí àtẹ́lẹsẹ̀ sókè, kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bá a wò ó. Wọn ò kọ́kọ́ fẹ́. Bàbá arúgbó kan ní òun ò lè gbé àtẹ́lẹsẹ̀ òun sójú ìyàwó oníyàwó. Nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ lọ bá a. Ẹ̀gún kan ló bá níbẹ̀, awọ ti bò ó mọ́lẹ̀, ó ti ń ṣe ọyún.

"Ó ti pẹ́ níbí, Bàbá."

"Ibo?" ni bàbá náà ń wí. "Ibo ló wà?" Ó ń tẹ ọrùn kiri, kò rí i, kò sì mọ̀ ọ́n lára.

Mo padà sí Ìbàdàn. Láàárín oṣù tó tẹ̀ lé e, gbogbo awakọ̀ tó bá ti Ìgbó-Ọrà wá ni mò ń dá dúró. Ojú egbò náà ń jinná, kò sì tètè jinná. Bàbá mi ń lo oògùn. Wọ́n ní ó ń bá ìyá mi jà nítorí láfún tí kò kún àwo.

Ìgbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀ ni mo lọ wò wọ́n. Ó ti múra oko. Ó wọ ìbọ̀sẹ̀, ó wọ bàtà kánfáàsì, ó fi okùn dì í dáadáa. Nínú ìlú wa, ẹnì kan kì í wọ irú bàtà bẹ́ẹ̀ lọ kọ ebè. Aládùúgbò kan rí wa lójú ọ̀nà.

"Bàbá Ìbejì, ṣé ọ́fíìsì lẹ̀ ń lọ ni?"

"Ọ́fíìsì ni," ni bàbá mi dá a lóhùn. "Tí mo bá dé, màá bá ẹ wáṣẹ́ síbẹ̀."

Lóko, ó kọ ebè kan. Ó wọ́ díẹ̀ sápá ọ̀tún. Ó dúró, ó wò ó, inú rẹ̀ ò dùn sí i. Ó tú u ká, ó tún un kọ. Mo ní kó sinmi. Ìgbà tó kọ ẹ̀kẹta ló tó wá jókòó sábẹ́ igi tí ìyá mi wà.

Ìyá mi bọ́ bàtà rẹ̀. Ó gbọn erùpẹ̀ inú rẹ̀ dànù, ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó fọwọ́ yí inú rẹ̀ ká bóyá òkúta wà níbẹ̀. Ó yọ ìbọ̀sẹ̀, ó gbé àtẹ́lẹsẹ̀ bàbá mi sínú oòrùn, ó tẹjú mọ́ ọn. Bàbá mi fẹ̀yìn ti igi, ó dijú, ẹsẹ̀ kejì ń mì.

"Ẹ rí nǹkan kan?" ni mo wí.

"Má yọ mí lẹ́nu," ni ìyá mi wí. "Mò ń wò ó."